Bàbá Ahunṣọ Ló Ni Orin, Ta Ló Ni Iṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọdún àṣekágbá NCE ni mo wà, Yorùbá ni mo ń kà. Orin àwọn ahunṣọ òkè ní Ìséyìn ni mo ṣèwádìí lé lórí, Yorùbá náà ni mo sì fi kọ ọ́. Ó wá ku ojú ewé declaration, níbi tí a ti ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni. Èyí tí wọ́n fún wa, Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ náà rárá. Àyà mi ń já. Bàbá kan ló kọ orin mọ́kànlá tí mo tú palẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ó sì bá mi tún Orí Kejì kọ díẹ̀. Ṣé kí n buwọ́ lù ú?
Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ó dára tí àyà rẹ já. Ti ọ̀pọ̀ kì í já. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ọmọkùnrin kan kọ iṣẹ́ lórí ìlù dùndún. Olùdánwò tó ti ìta wá ṣí declaration rẹ̀, ó ń kà á sókè: orúkọ obìnrin ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ní orí òwe ni iṣẹ́ náà dá lé, kì í ṣe ìlù! Ọmọ tó ń bá a tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà ló ti inú fáìlì oníbàárà mìíràn gbé e. Ìwé tó fẹ́ fi jẹ́rìí pé òun kò jí ọ̀rọ̀ kó, ìwé náà gan-an ni wọ́n jí kó.

Kò sẹ́ni tó lè kọ Orí Kejì láìsí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣèwádìí ṣáájú. Bàbá ló ni orin, ìwọ lo ni ìtúpalẹ̀. Bó bá gbà kí o dárúkọ òun, kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọjọ́ tó o gba orin sílẹ̀ sí àfikún tó wà lẹ́yìn ìwé. Ti àmì ohùn, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ lójú ewé ìdúpẹ́, ó tán.

"Díẹ̀" yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ìpínrọ̀ mélòó ni díẹ̀? Bí wọ́n bá ní kí o ṣàlàyé wọn láìwòwé, ṣé wàá rí i ṣe? Bí o kò bá ní rí i ṣe, pa wọ́n rẹ́, kí o jókòó tún wọn kọ fúnra rẹ. Lẹ́yìn náà, kọ báyìí:

*Èmi, (orúkọ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ), jẹ́rìí pé èmi ni mo ṣe ìwádìí yìí, tí mo sì kọ ọ́ fúnra mi. N kò tíì fi í gba ìwé ẹ̀rí kankan níbòmíràn. Ibi gbogbo tí mo ti lo ọ̀rọ̀ tàbí orin ẹlòmíràn ni mo ti sọ ẹni tó ni ín.*

Mú un lọ han olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ. Bó bá ní ti Gẹ̀ẹ́sì ni dandan, bẹ̀ ẹ́ kí ẹ jọ yọ gbólóhùn "kò sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn" yẹn kúrò, nítorí irọ́ ni. Ojú ewé tí olùkọ́ àti olórí ẹ̀ka ń buwọ́ lù yàtọ̀ o, má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Báírò ni kí o fi buwọ́ lu tìrẹ, lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Má ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀.