Kí Ló Dé Tí Ohùn Mi Fi Ń Há Lẹ́yìn Ìdánrawò?

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 16 ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, soprano, ohùn tó ga jù lọ, ni mò ń kọ. Bí a bá ti ṣe ìdánrawò lálẹ́ Sátidé, ohùn mi á ti há kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́. Wọ́n ní kí n máa jẹ orógbó, kí n sì máa gbé ẹyin tí wọn ò sè mì. Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ohun tí o bá gbé mì kì í kan tán-án-ná, ìyẹn awẹ́ méjì tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde. Ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà, tán-án-ná sì wà lójú ọ̀nà èémí, nínú gògóńgò. Bí omi bá ṣìnà débẹ̀, ikọ́ ni. Orógbó lè mú itọ́ sun, kí ọ̀fun tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wo tán-án-ná tó ti wú. Ẹyin tútù ní tirẹ̀ lè kó àrùn sí ọ nínú. Fi í sílẹ̀ pátápátá.

Wíwú yẹn gan-an ló ń fa híhá. Tí o bá ń kọ ohùn A tó wà lókè C àárín dùùrù, ìgbà 440 ni tán-án-ná méjèèjì ń pàdé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlù àti sípíkà bá bo ohùn rẹ mọ́lẹ̀, wàá máa pariwo láìmọ̀, tán-án-ná rẹ á máa gbá ara wọn kíkankíkan, wọn á wú, wọn ò sì ní lè pa dé mọ́.

Nítorí náà, kíì orin, ìyẹn bí wọ́n ṣe gbé orin náà ga tó, ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kọ ibi tó ga jù nínú orin náà jẹ́jẹ́. Bí kò bá jáde àfi tí o bá pariwo, ó ti ga jù fún ọ. Bẹ ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tàbí kí o bọ́ sí alto, ohùn tó rẹlẹ̀ ju soprano lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bu omi sí ìdajì kọ́ọ̀pù, ki straw tí wọ́n fi ń mu mínírà bọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n ìka méjì, kí o wá máa kọ "ùùù" gba inú rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí o tún padà, fún ìṣẹ́jú 5. Kí omi máa hó láìdáwọ́ dúró. Bí ìhó náà bá ń já, èémí rẹ kò dúró déédéé. Bí ọrùn bá ń le, o ti ń fi agbára tì í jù.

Omi orin ọjọ́ Àìkú, láti Sátidé ni kí o ti máa mu ún díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí ohùn bá ti há, má kọrin, má sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, torí ìyẹn náà lè ni ín lára. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 3, lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun.

Ìbéèrè: Ohùn ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, ń já láàárín orin. Ṣé kó dá orin kíkọ dúró?

Ìdáhùn: Rárá, mà. Gògóńgò rẹ̀ ló ń dàgbà, tán-án-ná rẹ̀ ń gùn, ó sì ń nípọn sí i. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ìwọ̀nba ohùn tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí olùkọ́ orin sì máa yẹ ibẹ̀ wò lóṣooṣù, torí yóò máa yí padà. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi ipá dá a dúró sí soprano nítorí pé akọrin ò tó.