Kòkòrò wo ló ń jẹ obì nínú òwe yẹn?

Ìbéèrè náà ni pé, nígbà tí àwọn àgbà bá ní "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà," kòkòrò wo ni wọ́n ní lọ́kàn, kí sì ni wọ́n ń fi í sọ?

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó ń ba ilé, ẹgbẹ́ tàbí ìlú jẹ́ kò jìnnà, ọmọ inú ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ kòkòrò náà ló máa mọ bí òwe yìí ṣe jinlẹ̀ tó.

Kòkòrò tín-ín-tín ni, agbo kan náà lòun àti ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn wà: ìyẹ́ òkè rẹ̀ le bí ìkarahun, ó sì bo ìyẹ́ tó fi ń fò. Ẹnu rẹ̀ la fi ń dá a mọ̀, ó gùn síwájú, ó sì tẹ̀ wálẹ̀. Ẹbí Curculionidae ni àwọn onímọ̀ kó irú ẹlẹ́nu gígùn bẹ́ẹ̀ sí. Èyí tó ń lu àgbàdo nínú àká wà níbẹ̀; ti ẹ̀wà kò sí níbẹ̀, torí ẹnu tirẹ̀ kò gùn. Balanogastris kolae àti àwọn Sophrorhinus ni ti obì, wọn ò sì dá gbànja sí, wọn ò dá àbàtà sí.

Ibi tó wù mí jù nìyí. Kòkòrò ẹ̀wà, ara hóró ló ń lẹ ẹyin mọ́, ojú lè rí i. Ti obì kò rí bẹ́ẹ̀. Abo rẹ̀ á fi ẹnu gbẹ́ ihò sára obì, á sì yé ẹyin síbẹ̀. Ìdin funfun tí kò lẹ́sẹ̀ ló ń ti inú ẹyin jáde. Inú obì ni yóò ti máa jẹ, ibẹ̀ ni yóò dàgbà sí títí yóò fi di kòkòrò. Ìgbà tó bá lu ara obì jáde lojú ẹlòmíì tó ń là. Àwọn tó ń kó obì sínú apẹ̀rẹ̀ mọ èyí dáadáa: obì tó ń dán lónìí lè ti lóyún kòkòrò.

Nítorí náà, kò tó kí ọ̀tá náà máa gbé inú ilé. Ilé tó ń bà jẹ́ yẹn náà ló ń bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi òwe yìí lò síbẹ̀, tí wọ́n ń fi bá olè tó ti ìta wọlé wí. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń fi orúkọ ẹgbẹ́ jẹun, tó tún ń kó owó ẹgbẹ́ jẹ, òun gan-an lòwe yìí ń bá wí.

Tó bá jẹ́ ọmọdé ló fẹ́ pa òwe yìí lójú àgbà, kó má gbàgbé "tótó ó ṣe bí òwe," torí ẹ̀sùn ńlá ló wà nínú rẹ̀, ẹni tọ́rọ̀ kàn sì lè wà ní ìjókòó.