Ọmọ Mi Ń Sunkún Bí Mo Bá Fẹ́ Gbé E

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mò ń gbé, Victoria Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde nílé, bí ojú ọ̀nà bá sì dára, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń wọlé. Ọmọkùnrin mi ti pé oṣù 14. Bí mo bá ti na ọwọ́ láti gbé e, igbe ni, á sì dì mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkùnrin tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa máa ń gbé e, ẹ̀rín ló sì máa ń rín sí i. Ìyá ìyàwó mi ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ọmọ ń rí nǹkan lẹ́yìn mi. Mo ń ra bisikíìtì, mo ra bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ kò yí padà. Kí ni kí n ṣe? Bàbá Ìyanu.

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìyanu, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó yín kúrò nílẹ̀. Kò sí nǹkan tí ọmọ ń rí lẹ́yìn yín, àfi báàgì tí ẹ gbé kọ́ èjìká. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọdé tí mò ń ṣe ní Ìkòròdú níbí ti lé ní ogún ọdún. Bí mo bá ní kí n máa ka àwọn bàbá tó ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti fi ohùn kẹ́lẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹni tó bá na ọwọ́ sí i ló sábà máa ń bá lọ. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ojú rẹ̀ ti ń là sí i pé ènìyàn yàtọ̀ sí ènìyàn. Láàrin oṣù 10 sí 18 ni dídì mọ́ ìyá máa ń le jù. Tó bá fi máa tó ọdún méjì sí mẹ́ta, á ti rọlẹ̀. Àárín gbùngbùn rẹ̀ gan-an ni Ìyanu wà yìí. Ó ti mọ̀ báyìí pé bí ìyá òun bá kúrò níwájú òun, ibì kan ló wà, kò pòórá, ìdí nìyẹn tó fi ń pariwo kí ó lè padà wá. Ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni.

Ọ̀rọ̀ onítáyà yẹn ni mo fẹ́ ká tú wò, torí inú ibẹ̀ ni ìdáhùn yín wà.

Kí ni ọkùnrin náà ń ṣe? Ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀. Àárọ̀ tí ìyá Ìyanu bá pọ̀n ọ́n jáde, á rí i; ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, á tún rí i. Mo lè fi owó oṣù mi ta tẹ́tẹ́ pé orúkọ ìnagijẹ kan náà ló fi ń pè é lójoojúmọ́. Kì í sáré na ọwọ́ sí i, torí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, táyà sì wà níbẹ̀. Ọmọ ló ń wò ó, tó ń wo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, tó ń gbọ́ bí táyà ṣe ń dún, títí ó fi di ọjọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ na ọwọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ wo bí ẹ ṣe ń wọlé. Ilẹ̀ ti ṣú, bóyá wọ́n tiẹ̀ ti mú iná lọ. Oorun ti ń kun ọmọ. Ọkùnrin kan já wọlé pẹ̀lú òógùn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 lára, ó na apá méjèèjì, ó ní “Wá bá dádì!”, ó sì ń fà á kúrò láyà ìyá rẹ̀. Bàbá Ìyanu, bó bá ṣe èmi náà ni, màá ké.

Ní ọdún 1964, àwọn olùwádìí méjì, Rudolph Schaffer àti Peggy Emerson, gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí 60 ọmọ ọwọ́ ní ìlú Glasgow, ní orílẹ̀-èdè Scotland. Ilé àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń lọ léraléra láti wo ẹni tí ọmọ dì mọ́. Ẹni tó ń pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ jù kọ́ ni ọmọ ń yàn ní dandan. Ẹni tó bá ń tètè dá a lóhùn nígbà tó bá ṣe àmì, tó sì ń bá a ṣeré, ló ń dì mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa pé oṣù 18, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti dì mọ́ bàbá náà. Ẹ fi ìyẹn tu ara yín nínú ní ìdúró bọ́ọ̀sì BRT.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí iṣẹ́. Ẹ fi alẹ́ sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 lójúmọ́, oorun ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń jí i ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kí ó lè rí yín, ọmọ tí inú ń bí lẹ ó rí.

Ọjọ́ Sátidé ni tiyín. Ẹ mú iṣẹ́ kan, ẹ sọ ọ́ di tiyín pátápátá. Bí ẹ bá ní kí n yàn fún yín, ìwẹ̀ ni màá yàn, torí nínú ìwẹ̀, ọmọ kò ní ẹlòmíràn tí yóò wò àfi ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ jókòó sórí àpótí kékeré, ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí básíà, ẹ ti ìgúnpá bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá ó gbóná jù. Kànìnkànìn tó bá rọ̀ ni kí ẹ lò. Ọwọ́ yín kan kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí fóònù bá ń ké láti òwúrọ̀ dalẹ́, kó máa ké. Ní Sátidé àkọ́kọ́, kí ìyá rẹ̀ dúró síbi tí ọmọ ti lè rí i. Ní èkejì, kó wọ ilé ìdáná. Tó bá di ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, kó lọ ra ata ní ọjà Sábó.

Bí ẹ ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ẹ máa ki í. Oríkì kì í ṣe ti ìyá àgbà nìkan. Bí ẹ kò bá mọ̀ ju ìlà méjì lọ, ìlà méjì náà ni kí ẹ máa tún kì. Ọmọ oṣù 14 kò ní sọ pé ẹ ti kì í lẹ́ẹ̀kan.

Ọkọ mi fúnra rẹ̀, nígbà tó kọ́kọ́ wẹ àkọ́bí wa, ó fi ọṣẹ pa ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀, ọmọ wá ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja àrọ̀. Ó dì í mú gírígírí, ọmọ ń ké, òun náà ń làágùn. Ìyá mi ti dìde láti gbà á, mo di ìró rẹ̀ mú. Ọmọ yẹn ti ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, bàbá rẹ̀ ṣì ń yangàn pé òun lòún kọ́ ọ ní omi wíwẹ̀.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá Ìyanu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí sí i létí. Bí ọmọ bá ti fi ẹkún bẹnu, ẹ má sáré já a gbà. Ẹ fún bàbá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Bí kò bá dákẹ́, bàbá ni kí ó fúnra rẹ̀ gbé e wá fún yín, jẹ́jẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èyí tí ẹ ń já gbà yẹn ló ń sọ fún ọmọ pé ewu ni dádì.

Bí ẹ bá bá a lójúfò, bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, kí ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ yí bọ́ọ̀lù tí ẹ rà yẹn sí i láìsọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀lù dáa. Bisikíìtì kò dáa fún eyín rẹ̀, kò sì mọ ẹni tó rà á. Ẹ ṣe bojúbojú fún un: ẹ fi aṣọ ìnujú bo ojú, ẹ ṣí i. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an, pé ẹni tó lọ lè má padà, ni eré yẹn ń fi hàn án pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Láàrin ọ̀sẹ̀, ohùn yín tó. Ẹ ká oríkì náà sórí WhatsApp, kí ìyá rẹ̀ máa gbé e sí i létí kí ó tó sùn. Kò sídìí láti máa gbé ojú fóònù sí i níwájú. Àjọ Ìlera kan náà kò fẹ́ kí ọmọ ọdún kan máa jókòó ti àwòrán. Bí àpò bá sì gbà á, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Ìpákodò lọ́jọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, kí ẹ lè bá a lójúfò.

Ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí ọmọ mìíràn bá ń bọ̀: òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ọkùnrin ti ń gba ìsinmi ọjọ́ 10 láti ọdún 2014 bí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, ti ìjọba àpapọ̀ sì ń gba ọjọ́ iṣẹ́ 14 láti ọdún 2022. Ti iléeṣẹ́ aládàáni, àdéhùn ẹ̀yin àti ọ̀gá yín ni. Ẹ tètè béèrè kí oyún tó tóbi.

Ẹ má retí àyípadà ní ọ̀sẹ̀ kan. Sátidé mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí ẹ fọkàn sí, bí eyín bá sì ń hù tàbí ara rẹ̀ gbóná, á tún padà sẹ́yìn díẹ̀. Àmọ́ bí kì í bá wojú ẹnikẹ́ni, tí a pè é lórúkọ tí kì í yíjú, tí kò bá sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ mọ́, tàbí tó ń ké bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá kan ibì kan pàtó lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Abẹ́rẹ́ èéyi rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì máa tó yá, oṣù 15 ni. Ẹ gba àyè níbi iṣẹ́, kí ẹ̀yin gan-an gbé e lọ, kí ìyá rẹ̀ jókòó sílé. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání. Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn fún ara yín náà, torí á tọ̀ sí yín lára.