Yíìsì kọ́ ló ṣe ọmọ yín

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, òkun o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ látọdún tó kọjá, ó sì ti rù. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ASCA wà, pANCA kò sí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yíìsì ni ASCA. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Kàbà, àtikékeré ló ti ń bá mi po ìyẹ̀fun. Ṣé èmi ni mo kó o ràn án? Ṣé dandan ni ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ kì bọ̀ ọ́ nídìí ní Ìlọrin? Owó rẹ̀ ga. — Ìyá Oníbúrẹ́dì

ÌDÁHÙN: Òkun o, ìyá wa. Ẹ máa ṣe búrẹ́dì yín lọ. (Bromate, kẹ́míkà tí àwọn kan fi ń mú búrẹ́dì wú, ni kí ẹ má fi sí i, NAFDAC ti fòfin dè é.)

Lóòótọ́, yíìsì tí ẹ fi ń mú ìyẹ̀fun wú ni antibody (ọmọ ogun ara inú ẹ̀jẹ̀) tí wọ́n ń pè ní ASCA máa ń dojú kọ, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé yíìsì ló dá àìsàn sílẹ̀. Nínú 100 ẹni tó ní Crohn's, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń dá egbò sí ìfun, bí 50 sí 70 ló máa ń ní ASCA. Àwọn tó ní ulcerative colitis, àìsàn mìíràn tó jọ ọ́, ni pANCA, antibody mìíràn, wọ́pọ̀ lára wọn. Ẹ rí i pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ló bọ́ sẹ́yìn ìṣirò yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń júwe ọ̀nà ni, kò lè dájọ́.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì, torí Crohn's lè mú ibikíbi láti ẹnu dé ihò ìdí, nígbà tí ulcerative colitis kì í kúrò nínú ìfun ńlá. Bó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, gígé ìfun ńlá kúrò lè fòpin sí ulcerative colitis; Crohn's lè tún yọjú níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n níbi tiwa, ikọ́ ife ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó máa ń mú ìfun láìjẹ́ pé èèyàn wúkọ́ rárá, ó ń fara jọ Crohn's, ASCA sì lè wà lára ẹni tó ní in. Bí wọ́n bá wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní prednisolone, oògùn Crohn's tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù, ikọ́ ife náà á gbilẹ̀. Amóébà, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, náà ńkọ́? Ìgbẹ́ ọmọ yín ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nítorí náà, ẹ lọ, bí ọ̀nà Òmù-Àrán tiẹ̀ rí bó ṣe rí. Ẹ̀rọ yẹn ló ń rí egbò, òun ni wọ́n sì fi ń gé ẹran ìfun bín-ín-tín fún àyẹ̀wò. Kí ọmọ yín sọ fún wọn bó bá ń làágùn lóru, tàbí bí ẹnikẹ́ni nílé bá ti lo oògùn ikọ́ ife rí.