Kí ẹ tó san owó catamaran àlòkù yẹn

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní Lagoon 380 ọdún 2008, ìyẹn catamaran (ọkọ̀ ìgbòkun oníkùn méjì), lẹ rí ní Fort Lauderdale ní Amẹ́ríkà, pé wọ́n ti fi ṣe ọkọ̀ háyà rí ní Tortola, erékùṣù kan ní Caribbean, àti pé ẹni tó ń tà á ní ìwé àyẹ̀wò ọdún tó kọjá wà nílẹ̀, kí ẹ má wulẹ̀ náwó sọ̀féyọ̀ (ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò) mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Ẹni tó sanwó ìwé yẹn ni sọ̀féyọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ fún. Ẹ wá tiyín nínú SAMS tàbí NAMS, ẹgbẹ́ àwọn sọ̀féyọ̀ ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, ẹni tí catamaran kò ṣàjèjì sí, ẹ má sì jẹ́ kí alárinà tó ń bá wọn tajà yàn án fún yín.

Àárín ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ibi ìdáná, bẹ́ẹ̀dì àti sóólà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ wò. Nínú ọkọ̀ oníkùn kan, òpó ìgbòkun, tàbí òpó mìíràn tó gbé e ró, sábà máa ń fẹsẹ̀ tilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gan-an. Ti catamaran kò rí bẹ́ẹ̀. Orí afárá tó so ikùn méjèèjì pọ̀ ló dúró sí, ògiri abẹ́ rẹ̀ ló sì ń ru gbogbo ẹrù náà. Bí ìgbì bá gbé ikùn ọ̀tún sókè tí tòsì ń lọ sílẹ̀, àárín yìí kan náà ló ń yí. Nítorí náà, ẹ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé pákó ilẹ̀ kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi ìka tọ ibi tí fáíbà (fiberglass) ti lẹ ògiri mọ́ ara ọkọ̀. Bí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀ tó ń kọ́ èékánná yín, tàbí tí ẹ rí ọ̀dà tuntun lójú kan péré nígbà tí ibi yòókù ti gbó, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà máa ń tú àṣírí. Ẹ tì wọ́n, ẹ ṣí wọn, kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Tí ẹ bá ti ta ìgbòkun tán tí atẹ́gùn ti gbá ọkọ̀ mú, ẹ tún un ṣe. Mo ti wọ ọkọ̀ kan tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ń pa wọ́ọ́rọ́ ní èbúté, ṣùgbọ́n bí a ṣe wọ inú ìgbì, kò ṣe é tì mọ́. Olówó ọkọ̀ ní ọ̀rinrin ló mú igi wú. Nígbà tí sọ̀féyọ̀ mi tú ìbòrí ògiri, fáíbà ti ya kúrò lára rẹ̀, ibi tó ya gùn tó apá mi. Mo gba owó àsansílẹ̀ mi, mo bá tèmi lọ.

Ní ti dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn òkè ọkọ̀ tí à ń rìn lórí rẹ̀, igi fúyẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní balsa ló wà láàárín fáíbà òkè àti tìsàlẹ̀, ihò bóòtù tí wọ́n fi de irin mọ́ ọn sì ni omi máa ń gbà dé ibẹ̀. Ẹ mú òòlù oníke kékeré, ẹ máa fi kàn án yí ẹsẹ̀ irin ìdìmú àti fèrèsé òkè ká. Èyí tó le á máa dún kó-kó-kó. Bó bá di bù-bù-bù, igi lè ti máa jẹrà nísàlẹ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré, nítorí wọ́n ní láti gé fáíbà òkè kúrò.

Ẹ gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ náà kúrò nínú omi. Ó fẹ̀ tó mítà 6.53, kì í ṣe gbogbo yáàdì ló ní ẹ̀rọ tó lè gbé e, ẹ tètè béèrè. Ẹ wọ abẹ́ afárá, ẹ wòkè: ibẹ̀ ni ìgbì máa ń gbá.

Ọ̀rọ̀ Tortola yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 2017, ìjì Irma kó ọkọ̀ háyà tí wọ́n fi pamọ́ sí Paraquita Bay, ní Tortola níbẹ̀, gun ara wọn lórí. Wọ́n tún àwọn kan ṣe, wọ́n sì tà wọ́n. Níbo ni tiyín wà lọ́jọ́ náà? Ẹ gba rìsíìtì àti fọ́tò àtúnṣe, kí ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀ lẹ́yìn lápá ọ̀tún wé ti inú ìwé.

Ẹ́ńjìnnì méjì ni, ẹ fọwọ́ kan méjèèjì kí wọ́n tó tan wọ́n. Bí wọ́n bá ti gbóná, ẹnìkan ti tan wọ́n sílẹ̀ dè yín. Ẹ fa òróró ẹsẹ̀ wọn, ìyẹn apá tó yọ sínú omi lábẹ́ ọkọ̀, wò: bó bá funfun bí ògì, omi ti wọlé. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tó ń dí omi nídìí ẹsẹ̀ náà àti wáyà tó di òpó ìgbòkun mú. Bó bá jẹ́ wáyà 2008 ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ yọ owó wáyà tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san, nítorí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò sábà máa ń béèrè rẹ̀.

Kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àyẹ̀wò àti ìdánwò lójú omi ló máa pinnu bóyá ẹ máa rà á, kí owó àsansílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni kẹta. Tí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ fi fọ́tò ògiri abẹ́ òpó ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.