Èsì: Àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn oníròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ọmọ yín ń kọ̀ròyìn fún ìwé ìròyìn yunifásítì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni wọ́n máa fún lámì-ẹ̀yẹ àbí ìwé ìròyìn náà.

Méjèèjì ló wà. Àmì-ẹ̀yẹ Pacemaker tí Associated Collegiate Press, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́, ń fúnni, ti ìwé ìròyìn lódindi ni. Ti ọmọ yín gan-an ni àmì-ẹ̀yẹ Mark of Excellence, tí Society of Professional Journalists, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn, ń fúnni: ẹni tó bá gbégbá orókè ní agbègbè rẹ̀ ló ń lọ sí ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Àmì-ẹ̀yẹ Hearst náà wà, owó sì wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló lè kópa. Kó bi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ léèrè.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Theo Baker. Ọdún kìíní ló wà ní Stanford nígbà tó tú iṣẹ́ ìwádìí tí ààrẹ yunifásítì náà, Marc Tessier-Lavigne, lọ́wọ́ sí yẹ̀ wò nínú Stanford Daily, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, nítorí àwòrán inú wọn tó mú ìfura dání. Ní 2023 Baker gba George Polk, àmì-ẹ̀yẹ tí àwọn àgbà oníròyìn ń lé kiri! Ìgbìmọ̀ olùwádìí ní ààrẹ náà kọ́ ló ṣe màgòmágó, ṣùgbọ́n kò ṣàtúnṣe àṣìṣe inú iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ní oṣù keje ọdún yẹn ló kéde pé òun máa fipò sílẹ̀.

Kí ọmọ yín ti máa tọ́jú gbogbo ìròyìn rẹ̀ tó bá jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tó jáde.