Ṣé Ó Tọ́ Kí Mùsùlùmí Ṣe Adájọ́ Láàárín Àwọn Onígbàgbọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Jésù?

Ìbéèrè: Àsàlámù aláékùm, Àáfà wa. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, aládùúgbò wa kan sì jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Bí wọ́n bá ti pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi, iyàn dé nìyẹn, bóyá Jésù ni Ọlọ́run tàbí ẹni tí Ọlọ́run dá. Wọ́n wá ní kí n dá ẹjọ́ náà. Ṣé mo lè fi Bíbélì ṣe ẹ̀rí, kí n sì sọ fún wọn pé ìpàdé Nicaea ni wọ́n ti sọ Jésù di Ọlọ́run, tí wọ́n sì ti ṣa àwọn ìwé inú Bíbélì jọ?

Ìdáhùn: Wà aláékùmù sàlámù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ìgbàgbọ́ yín nípa Ànábì Ísá, ìyẹn Jésù, kò so mọ́ ẹni tó borí nínú iyàn yẹn. Súrà An-Nisā’, áyà 171, ti là á mọ́lẹ̀ pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni Mèsáyà, Ísá ọmọ Mariyamọ, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé mẹ́ta ni Ọlọ́hun. Ẹ má rò pé Ẹlẹ́rìí Jèhófà ń gbè wá lẹ́yìn, nítorí òun náà ń pe Jésù ní ọmọ Ọlọ́run tó kú fún ẹ̀ṣẹ̀ aráyé, àwa kò sì gba ìyẹn.

Ti Nicaea ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníwàásù wa, ó sì ń dùn mí. Àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, Arius, ló ń kọ́ni pé Ọlọ́run ló dá Ọmọ. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé e kúrò nínú ìjọ, awuyewuye náà sì ràn títí Ọba Constantine fi pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ ní ọdún 325 sí Nicaea, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, níbi tí wọ́n ti fẹnu kò pé ọ̀kan náà ni Ọmọ àti Baba nínú jíjẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ kí ó tó di ìgbà náà tí àwọn Onígbàgbọ́ ti ń júbà Jésù. Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny, gómìnà kan lábẹ́ ìjọba Róòmù, kọ ọ́ sí Ọba Trajan pé wọ́n ń kọrin sí Kristi bí ẹni ń kọ ọ́ sí ọlọ́run kan. Ìpàdé náà kò sì parí ìjà, nítorí ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n lé Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù tó gbè é lẹ́yìn jù lọ, kúrò ní ìlú. Ní ti ṣíṣa ìwé jọ, kò sí i nínú òfin ogún tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Lẹ́tà tí Athanasius yìí kan náà kọ ní ọdún 367 ni a ti kọ́kọ́ rí àwọn ìwé 27 Májẹ̀mú Tuntun bó ṣe wà lónìí gẹ́lẹ́. Súrà Al-Isrā’, áyà 36, kọ̀ fún wa láti tẹ̀ lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀, kò sì yọ ọ̀rọ̀ àwọn Onígbàgbọ́ sílẹ̀.

Nípa fífi Bíbélì ṣe ẹ̀rí, hádíìsì tí Bukhari gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra sọ pé kí a má ṣe gba àwọn oní-Tírà, ìyẹn àwọn Júù àti Onígbàgbọ́, gbọ́, kí a má sì pè wọ́n nírọ́, kí a ní a gba Ọlọ́hun gbọ́ àti ohun tí Ó sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ka Jòhánù 14:28 fún àna yín, pé Baba tóbi ju Jésù lọ, yóò ní gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ló ṣe sọ ọ́. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ní èsì yẹn nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dá ẹjọ́ náà. Ẹni tó ti dúró ṣinṣin nínú ìmọ̀ táwúhíìdì, ìyẹn pé ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun, lè ka Bíbélì láti fi mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti àáfà rẹ̀. Bí wọ́n bá tún bi yín, ẹ ka áyà 171 náà fún wọn, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí Súrà Al-‘Ankabūt, áyà 46, ṣe pa á láṣẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀.